Adùn Tí Ìwúkàrà Kò Jẹ Tán: Àgbéyẹ̀wò Wáìnì Dídùn àti Wáìnì Alágbára

Ẹni tó bá fẹ́ ra wáìnì ní Ìyànà Ìyẹsí, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà, á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dùn. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n adùn kì í wá láti ibì kan náà. Èrò mi ni pé ẹni tó bá mọ ìwà ẹmu àti ti ògógóró ti mọ ìdí wáìnì dídùn, orúkọ ló kù.

Omi tó ń kán sínú akèrègbè adẹ́mu máa ń ní ṣúgà tó tó 10 sí 12%. Ìwúkàrà ti wà lẹ́nu akèrègbè, òun àti bakitéríà Zymomonas mobilis, wọ́n á ti máa sọ ṣúgà náà di ọtí kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ìyẹn ni ẹmu òwúrọ̀ fi ń dùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ ń mú, tí ti ọjọ́ kejì sì ń kan. Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1962. Nduka Okafor kọ nípa ìwúkàrà inú ẹmu Nàìjíríà ní 1972. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wáìnì nílẹ̀ wa kọ́kọ́ kà.

Ẹ wá wo wáìnì Port, tí wọ́n ń ṣe ní àfonífojì odò Douro nílẹ̀ Potogí, níbi tí ìjọba ti pààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti 1756. Wọ́n á tẹ èso àjàrà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú ọpọ́n òkúta, ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà lé e lórí. Agbára ọtí yẹn jẹ́ 77%. Ìṣirò àtijọ́ ni pé kí lítà 115 rẹ̀ pàdé lítà 435 wáìnì nínú àgbá kan. Ìwúkàrà kò lè fara da irú agbára bẹ́ẹ̀, ó kú, ṣúgà tí kò tíì jẹ sì dúró. Bí Port ṣe ń dùn tó tún ń ní agbára 19 sí 22% nìyẹn. Ọmọ ìyá ògógóró ni ọtí tí wọ́n dà sí i. Bí a bá da ògógóró tó pọ̀ tó sínú ẹmu òwúrọ̀, ohun kan náà ni yóò ṣe.

Ní Jerez, Sípéènì, wọ́n máa ń jẹ́ kí ìwúkàrà jẹun tán kí wọ́n tó da ọtí líle sí wáìnì Sherry, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dùn rárá. Ti èso àjàrà Pedro Ximénez yàtọ̀: oòrùn ni wọ́n ń sá èso rẹ̀ sí kí ṣúgà inú rẹ̀ lè ki.

Wáìnì Sauternes ti ilẹ̀ Faransé kò gba ọtí líle kankan. Ìkùukùu odò Ciron ló ń jẹ́ kí irú olú tíntín tí wọ́n ń pè ní Botrytis cinerea mú èso àjàrà bu lórí igi, omi inú rẹ̀ á gbẹ, ṣúgà á ki. Ẹni tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà ṣe àgàdàgídí mọ̀ pé èso tó pẹ́ ló ní adùn.

Ọ̀tà kò ṣàjèjì sí ọtí líle. Ibẹ̀ ni Intercontinental Distillers ti ń ṣe jíìnì Chelsea. Síbẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ lé orúkọ tàbí àwọ̀ ìgò. Ẹ wo iye agbára tí wọ́n kọ sí i lára. Láti 15% sí 22%, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alágbára, ìyẹn èyí tí wọ́n da ọtí líle sí. Tó bá kéré gan-an, adùn náà wá láti ibòmíràn, tàbí kó jẹ́ ṣúgà ni wọ́n fi kún un. Mìlílítà 75 wáìnì 20% gbé iye ọtí kan náà pẹ̀lú mìlílítà 300 bíà 5%, nítorí náà ife kékeré ni tirẹ̀.

Fún ibi tí iná mànàmáná kì í dúró, wáìnì Madeira ni mo yàn. Ooru ọkọ̀ ojú omi tó ń la ilẹ̀ olóoru kọjá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. Lónìí, wọ́n ń fi ooru bíi 45 sí 50°C sè púpọ̀ nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Bí wọ́n bá ṣí ìgò rẹ̀, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má bàjẹ́.