Igi Tí Òṣùwọ̀n Kò Kà

Ọ̀rọ̀ igi ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí agbada. Ẹ wo ìyá tí ń din dòdò ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Bí ó bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, kì í sábà gé e róbótó bí owó. Ó ń fi ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ó ń gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dòdò náà á sì gùn, á rí bí ẹyin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni, kò pọ̀ sí i. Ojú rẹ̀ ni ó fẹ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtì igi rí. Ẹ mú ìtì tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí ayùn bá gba àárín rẹ̀ kọjá róbótó, ẹsẹ̀ bàtà 2 náà ni ẹ óò bá níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ayùn bá dà gẹ̀rẹ̀ dé dígírì 45, ìbú rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, gígùn rẹ̀ yóò sì di ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 10. Pákó tí ó rí bí ẹyin báyìí ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń fi ṣe ojú tábìlì lóde òní. Inú kúkúté ìtì tí kò gùn tó láti di pákó ilé ni a ti lè rí i gé, ìyẹn igi tí àwọn baba onígẹdú kò kà sí. Kí a tó mọ̀ ìdí tí wọn kò fi kà á sí, ó di dandan kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọdún 1926 ni wọ́n parí èbúté ńlá àkọ́kọ́ ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ òkun mẹ́rin lè gúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí i. Orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté sì wà lára àwọn tí wọ́n kún inú rẹ̀: Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò, àti Yorùbá láti ìlú mìíràn. Nínú ẹrù tí ń gba Èkó kọjá lọ sí òkè òkun, gẹdú wà níbẹ̀. Láti igbó ìhà Òkìtìpupa àti Ìjẹ̀bú, wọ́n á fa ìtì dé etí omi, wọ́n á so wọ́n pọ̀ bí ẹni hun ẹní, wọ́n á sì bá ojú ọ̀sà bọ̀. Àwọn tí ń tù ú ń dáná lórí rẹ̀, wọ́n sì ń sùn lórí rẹ̀. Igi fífúyẹ́ bí arère ń léfòó fúnra rẹ̀; èyí tí ó bá wúwo ju omi lọ, àárín àwọn tí ó fúyẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́ kí ó má baà rì. Ìrókò, ìdígbó, òpèpè, afàrà: títí di òní, orúkọ wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò igi ní London fi ń pe àwọn igi náà. Inú mi máa ń dùn sí èyí. Wọ́n kó igi wa lọ, wọ́n sì ní láti kó ọ̀rọ̀ wa lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí igi tó wọ ọkọ̀, a óò wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tí àwọn òyìnbó onígẹdú ń lò ni ti ọ̀gbẹ́ni kan ní England tí ń jẹ́ Edward Hoppus, ẹni tí ó tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 1736. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi okùn yí ìtì ká, wọ́n á pín ohun tí okùn náà kà sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n á sọ ìdá kan di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi gígùn igi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ mú gègé yín. Okùn kà ẹsẹ̀ bàtà 12, igi sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Ìdá mẹ́rin 12 jẹ́ 3. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. 9 lọ́nà 20 jẹ́ 180. Iye tí wọn óò kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò ìtì róbótó náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ yín ti kọ́ yín, ẹ óò rí i pé ó jẹ́ nǹkan bí 229. Níbo ni 49 tó kù wọlé sí?

Hoppus kò ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní igi róbótó ni yóò di onígun mẹ́rin, àti pé ẹ̀gbẹ́ tí ayùn bá gé kúrò kì í ṣe pákó. Nítorí náà, nínú ìtì márùn-ún, ohun tí ó ju odidi kan lọ ni a kò kà. Ẹni tí ó bá tà á ní etí omi ti fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó bá wọ ọkọ̀ lódidi, ó bá ọkọ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n là ní Èkó ni ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Ní àtijọ́, ènìyàn méjì ni ń lagi: ọ̀kan dúró lórí ìtì, èkejì wà nínú kòtò nísàlẹ̀, ayùn gígùn wà láàrin wọn, lẹ́búlẹ́bú igi sì ń dà sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlagi dé etí ọ̀sà ní Òkobàbá, ní Ebute Mẹ́ta, èèpo pákó di òkìtì. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́jú, èkejì ṣì ní awọ igi lára. Ọmọlanke ń kó o lọ sí àdúgbò àwọn tálákà. Ní ibi bí Ajégúnlẹ̀, ó di ọgbà, ó di ìsọ̀, ó di igi ìdáná. Ohun tí òṣùwọ̀n pè ní òfo ni ó se ọbẹ̀ àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté.

Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de títa ìtì igi lódidi sí òkè òkun. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ti pèsè ibùdó tuntun sí Àgbọ́wà fún àwọn onípákó Òkobàbá.

Ó ku bí a ṣe ń gé pákó ẹlẹ́yin náà. Orí kẹ̀kẹ́ irin ni ìtì ń dùbúlẹ̀ sí nídìí ẹ̀rọ, kẹ̀kẹ́ náà á sì gbé e lọ bá ayùn tààrà. Ayùn kò lè yí. Igi ni a óò yí. A óò dá kúkúté náà dùbúlẹ̀ gẹ̀rẹ̀, a óò fi igi há a nísàlẹ̀, a óò sì fi ìkọ́ irin dì í mú ní ìhà méjèèjì. Ẹ má fi ìkọ́ ṣeré o. Ìtì tí ó dà gẹ̀rẹ̀ fẹ́ràn àtiyí, bí ó bá sì yí nígbà tí ayùn wà nínú rẹ̀, ayùn lè já, ó sì lè pa ẹni tí ó dúró tì í.

Ẹ má sì gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Okun inú igi, tí ó gùn láti orí dé ìdí nínú pákó gígùn, ti gé kúrú níhìn-ín, nítorí náà pákó tín-ín-rín yóò ṣẹ́. Bí ó bá nípọn tó íǹṣì 2 tàbí 3, ó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ má sá a sí oòrùn. Bí igi bá ń gbẹ, ó ń sún kì ní yíyípo òrùka inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bí ó ti ń sún kì láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú igi fi ń là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ó wà fún oṣù púpọ̀, kí a sì kun etí rẹ̀.

Bí ó bá gbẹ tán tí a fá a, òrùka inú igi á yọ, òun náà á sì gùn bí ẹyin. Ẹni tí ń tà á kì í fi okùn yí i ká. Á gbé e dúró ti ògiri, á wò ó, á sì dá iye lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.