Ta ló ni ẹ̀bá títì lẹ́sẹ̀ òkè?

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti ń gbé ní Manchester fún ọdún mélòó kan báyìí, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Inú ń bí i gan-an. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ gun òkè ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ní bí aago mọ́kànlá, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ó rí i pé àwọn èèyàn ti to ọkọ̀ wọn tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀bá títì, òun náà bá gbé tirẹ̀ tẹ̀lé tiwọn. Ìgbà tí wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wọ́ ọ lọ. Òjò ń rọ̀, àbíkẹ́yìn ń sunkún, kò sì sí takisí kankan. "Prof," ó ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ẹ̀bá títì yẹn gan-an? Àbí kì í ṣe àwọn òyìnbó yìí kan náà ló ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gun òkè?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó wá bẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Mo dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà. Èyí ni ìdáhùn tó kún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1932. Manchester ayé ìgbà náà, ìlú èéfín ni. Àwọn àgbà inú yín á rántí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ tí àwọn ìyá wa àgbà ń tà lọ́jà ti wá. Àwọn tó ń hun aṣọ yẹn àti àwọn tó ń rọ irin, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ń sinmi, atẹ́gùn tó mọ́ ni wọ́n sì ń wá. Òkè kan wà nítòsí wọn, Kinder Scout, tó ga tó mítà 636. Ọkọ̀ ojú irin á gbé wọn dé Hayfield, abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ṣùgbọ́n orí òkè fúnra rẹ̀ ti di ti àwọn ọlọ́lá. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní grouse, tó jọ àparò, ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, kí àwọn àti àlejò wọn lè máa yìnbọn fún un bí àkókò ọdẹ bá dé. Kí àkókò náà tó dé àti lẹ́yìn tó bá kọjá, àwọn aṣọ́gbó tó mú igi lọ́wọ́ ló ń lé ẹnikẹ́ni tó bá yọjú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà, bíi 400 èèyàn gun òkè yẹn láìgbàṣẹ. Ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Benny Rothman wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe dé ibẹ̀ o, nítorí a ó padà sí i: àwọn ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Manchester, ló bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Hayfield. Wọ́n kóra jọ sí Bowden Bridge, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, ibẹ̀ ló sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gòkè, wọ́n bá àwọn aṣọ́gbó fa wàhálà díẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì dé oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́rin ni Rothman gbà.

Ẹ̀wọ̀n yẹn ló ta ará ìlú jí ju gígùn òkè náà lọ. Bí a bá fi ẹwọ̀n kékeré jẹ ọmọ tálákà nítorí ó rìn lórí koríko, gbogbo ayé á bi ọ́ léèrè. Ní ọdún 1949 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tó dá àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní 1951, agbègbè Kinder Scout yìí, tí wọ́n ń pè ní Peak District, di àkọ́kọ́ nínú wọn. Ní ọdún 2000, òfin mìíràn wá fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti fẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè àti pápá gbalasa ní England àti Wales. Ní 2002, Duke ti Devonshire, tí ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà láyé ìgbà yẹn, dìde ní gbangba, ó tọrọ àforíjì lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1932. Àádọ́rin ọdún gbáko. Ẹ ò rí i pé ìtàn kì í kánjú.

Ó dáa. Ẹ̀tọ́ láti fẹsẹ̀ rìn ni mo wí. Ẹ padà lọ ka gbólóhùn yẹn. Nínú gbogbo ìjà yìí, kò sẹ́ni tó jà fún ibi tí èèyàn máa gbé ọkọ̀ sí, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: wọn ò ní ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn wá, ọkọ̀ ojú irin náà ló máa gbé wọn padà. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ ojú irin, kẹ̀kẹ́ ló gùn. Ní 1950, bíi mílíọ̀nù 2 péré ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà ní gbogbo Britain. Nígbà tó fi máa di 1970, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 11.

Láàárín ogún ọdún yẹn kan náà, ìjọba ń ti àwọn ọ̀nà ojú irin pa. Dr Beeching, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1963 pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà wọ̀nyí kò mówó wọlé, kí wọ́n tì wọ́n. Ọ̀nà Hayfield wà lára àwọn tí wọ́n tì; ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni ọkọ̀ ojú irin dẹ́kun lílọ síbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o. Ilẹ̀ tí ibùdókọ̀ ojú irin Hayfield wà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún, kí ló wà níbẹ̀ lónìí? Ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ibùdó bọ́ọ̀sì. Bowden Bridge tí Rothman ti sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni. Wọ́n kan àmì ìrántí mọ́ àpáta ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì to síwájú rẹ̀.

Tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ lọ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí òkè sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì ti ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà débẹ̀ pa. Ìjà tó wà lórí òkè wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Nígbà kan rí, aṣọ́gbó ló ń lé èèyàn. Lónìí, ọkọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ irin lẹ́yìn ni.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣàkóso kò rí i o. Wọ́n tètè rí i. Ní 1970 kan náà, wọ́n dán nǹkan wò ní àfonífojì Goyt, ní etí Peak District níbẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ wọ àárín àfonífojì náà mọ́. Ẹni tó bá wá, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí etí ibẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré á sì gbé e wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Tọkọtaya, arúgbó, ọmọdé, gbogbo wọn ló ń rìn láàárín títì láìsí pé ọkọ̀ ń fọn fèrè lé wọn lórí. Ìlànà tó dáa ni lójú tèmi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ ibi ló ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n ronú kàn án.

Ní Mam Tor, òkè mìíràn nítòsí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yanjú ọ̀ràn tirẹ̀. Òkè náà ń yọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ba títì tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá jẹ́ léraléra. Ní 1979, wọ́n jọ̀wọ́ títì náà sílẹ̀ fún un pátápátá. Ẹ̀ẹ̀lẹ̀ títì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti fọ́ yángá, àwọn èèyàn ń lọ ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ti àwọn ọ̀nà tóóró tó kù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìbéèrè náà gan-an: ta ló ni ẹ̀bá títì? Òfin England ní ìdáhùn tó ti pẹ́ ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Ní 1812, wọ́n gbé ọkùnrin kan lọ sí kóòtù nítorí àwọn kọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tó máa ń dúró pẹ́ ní Charing Cross ní London, tí wọ́n ń dúró de èrò. Adájọ́ àgbà Ellenborough dá a lẹ́bi. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà ọba kì í ṣe àgbàlá tí èèyàn ń so ẹṣin mọ́. Àwa náà ṣáà ń pè é ní ọ̀nà ọba, ìtumọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń kọjá ló ni ín, bó bá ti kọjá, ó di ti ẹni tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì sí òfin kan ní England tó sọ pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì. Wọ́n ń gbà á láyè ni. Ibi tí ó bá ti di ẹlòmíràn lọ́nà, ọlọ́pàá lè ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Ibi tí wọ́n bá sì ri àmì róbótó aláwọ̀ búlúù sí, tí ìlà pupa méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ rárá, bó ti wù kó kéré mọ.

Ọmọ mi tó fi ohùn ránṣẹ́ búra pé kò sí àmì kankan níbi tí òun gbé ọkọ̀ sí. Ó fi fọ́tò tí wọ́n yà láàárọ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Mo fẹ fọ́tò náà. Àmì ọ̀hún ló wà lókè orí ọmọbìnrin rẹ̀ yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Àwa a máa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n àfonífojì bíi ti Edale, ọ̀nà méjì péré ló wọ̀ ọ́, méjèèjì ló sì fún. Bí ọkọ̀ bá tò sí apá kan, katakata àgbẹ̀ ò lè kọjá. Èyí tó burú jù ni iná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, iná jó pápá Saddleworth, lẹ́bàá Manchester, débi pé wọ́n ní láti pe sójà wá ran àwọn panápaná lọ́wọ́. Àwọn tó ń lọ gbé ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè náà ńkọ́? Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ láti wá gbé èèyàn láìgba kọ́bọ̀. Ká wá ní ọkọ̀ wọn ò lè kọjá nítorí ọkọ̀ tèmi!

Ní Wales, ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sójú ayé ní ọdún Kòrónà. Pen-y-Pass ni orúkọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun Yr Wyddfa, òkè tó ga jù ní Wales, mítà 1,085. Ọ̀kan nínú àwọn ipa ọ̀nà ibẹ̀, àwọn tó ń wa kọ́pà lórí òkè náà láyé àtijọ́ ni wọ́n là á fún. Oṣù keje ọdún 2020 ni ìjọba Wales gba àwọn èèyàn láyè láti tún máa rìn kiri. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí bíi 500 ọkọ̀ fi tò sí ẹ̀bá títì òkè yẹn lópin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá wọ́ ọkọ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí Pen-y-Pass ní àkókò tí èrò pọ̀, ó ní láti san owó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sherpa ló ń gbé àwọn tó kù.

Mo fara mọ́ wíwọ́ ọkọ̀ níbi tó bá ti dínà. Ẹni tó bá ti rí bí ọkọ̀ panápaná ṣe há sáàárín ọkọ̀ ní Èkó, kò ní bá mi jiyàn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí ìyà náà ṣe ń pín. Láti 2023, tí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ kékeré lọ ní England tàbí Wales, £192 ni owó tí òfin là sílẹ̀, yàtọ̀ sí £26 lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́gbà wọn. Fún dókítà, owó oúnjẹ alẹ́ ni. Fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ní wákàtí-wákàtí, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni. Ẹni tó gba ààyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ẹni tó ti mọ̀ pé ààyè ń bẹ láti gbà. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òkè wà nítòsí, òun ló ń dé ní aago mọ́kànlá, òun ló ń tẹ̀lé àwọn tó wà níwájú. Ọmọ òṣìṣẹ́ tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní 1932 kò nílò kó mọ ẹnikẹ́ni. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tó.

Orí kó Edale yọ ní tirẹ̀. Wọ́n gbèrò láti ti ọ̀nà ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá náà pa, àmọ́ ó là á já, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń lọ láti Manchester títí dòní, kò sì tó wákàtí kan. Láti ibùdókọ̀ sí ẹsẹ̀ Kinder Scout, ìrìn díẹ̀ ni. Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní òun ò mọ̀ rárá. Gbogbo ọdún tí òun ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ. Ó ní ọkọ̀ kún, wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn dé ibẹ̀, àbíkẹ́yìn sì sùn lọ ní èjìká rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀.