Ìkànìyàn àti Ẹ̀rí Èké

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìkànìyàn kì í ṣe tuntun. Huzaefa gbà á wá pé Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó gba Ìsìláàmù. Wọ́n jẹ́ 1,500 ọkùnrin.

Ní Nàìjíríà, iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àti àga ilé aṣòfin. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe bu irọ́ mọ́ ọn, tí wọ́n fi fagi lé èsì 1962 àti ti 1973. Ní 1991 àti 2006, wọn ò béèrè ẹ̀sìn mọ́. Ẹni tí wọ́n fojú rí ni wọ́n kà.

Bí wọ́n bá dé Bódìjà tàbí Agbowó, ẹ má ṣe ka ẹni tí kò sí nílé mọ́ ara yín, ẹ má sì fi ọmọ ọ̀dọ̀ pamọ́. Ẹ̀rí èké ni.