Àpáta àti Àgbélébùú

Láti ìgbà láéláé ni a ti ń fi òkè ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ó ga ju ènìyàn lọ. Lórí òkè ni Mósè ti gba òfin. Lórí òkè ni a pa Olúwa wa láradà. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán pẹpẹ ti ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn mímọ́ ni òkè sábà máa ń wà, bí ìránṣẹ́ lẹ́yìn olúwa rẹ̀. Caspar David Friedrich, ará Jámánì, ni ó mú un wá sí iwájú.

A bí i ní ọdún 1774 ní Greifswald, létí Òkun Baltic, nínú ìdílé onísìn Luther. Dresden ni ó ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1840. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1808, ó ṣí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè wo àwòrán kan. Kí ni wọ́n rí? Ṣóńṣó òkè olókùúta, àwọn igi firi, àti àgbélébùú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtàkùn lọ́ mọ́. Ère Olúwa tí ó wà lórí rẹ̀ sì kọjú sí oòrùn tí ó ń wọ̀. Kò sí Màríà níbẹ̀, kò sí àpọ́sítélì kan. Imọ̀ ọ̀pẹ, ọkà alikama, àjàrà àti ojú Ọlọ́run ni a gbẹ́ sí ara férémù rẹ̀.

Ní 1809, Basilius von Ramdohr kọ̀wé bá a wí gidigidi, pé àwòrán òkè àti igbó ń fẹ́ yọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì gun orí pẹpẹ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí ènìyàn bá tẹrí ba níwájú òkúta, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára abọ̀rìṣà?

Friedrich fèsì ní ọdún kan náà. Ó ní àpáta tí kò mì náà ni ìgbàgbọ́ wa nínú Kristi. Igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́wé ni ìrètí wa. Oòrùn tí ó ń wọ̀ ni ayé àtijọ́ tí ó ti kọjá, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn lára Olùgbàlà, ó sì ń ti ara rẹ̀ tàn padà sí ayé.

Ẹ kíyèsí i pé kò pe òkúta ní Ọlọ́run. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkè yìí jẹ́ ẹṣin fún ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá sì dúró lọ́dọ̀ ẹṣin, tí kò gùn ún dé ibi tí ó ń lọ, òun ni ó ṣìnà.

Ìdílé ọlọ́lá Thun-Hohenstein ni ó ra àwòrán náà. Ní ààfin wọn ní Tetschen, yàrá ibùsùn ni wọ́n gbé e kọ́ sí, kì í ṣe orí pẹpẹ. Dresden ni ó wà lónìí, nínú ilé ìṣúra àwòrán. Ìjà pẹpẹ ti parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kù fún olúkúlùkù wa: nígbà tí a bá gbé ojú sókè sí òkè, ta ni a ń wò?