Bí Ṣílè Àtijọ́ Ṣe Nípọn Tó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í sú mi. Ẹ jẹ́ ká wo ti James Watt.

Ẹ̀rọ tó fẹ́ máa fi ooru omi ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, torí inú sílíńdà rẹ̀ kò rí róbótó. Ooru ń jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìn. Irin dídà kì í sábà jáde nínú mọ́ọ̀dù kó gún régé. Ọ̀pá tí wọ́n sì fi ń gbẹ́ inú rẹ̀, orí kan ṣoṣo ni wọ́n dì mú. Orí kejì ń fì, ó kàn ń tẹ̀lé ihò wíwọ́ náà lọ ni.

Ní 1775, John Wilkinson ti ọ̀pá líle la inú sílíńdà já, ó gbé e ró lórí méjèèjì. Bí ìwọ̀n ṣe wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀pá nìyẹn, kì í ṣe láti ara irin dídà mọ́. Ní 1776, Matthew Boulton, alájọṣe Watt, kọ̀wé pé sílíńdà oní-ínṣì 50 kan kò fi ibì kankan yẹ̀ tó bí ṣílè àtijọ́ ṣe nípọn. Ṣílè kẹ̀, irú èyí tí àwa náà ná títí di 1973!

Ẹ gbọ́ o: kò sọ pé kò lábùkù rárá. Ó sọ ibi tí àbùkù náà mọ, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́.