Ìlà Ìbú, Ìlà Òró àti Àsìkò Ààwẹ̀ Wa ní Ugbowo

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìlámù, bí ẹnì kan nínú yín bá ń jẹ sààrì ní Ugbowo níhìn-ín, tí ó ń dúró de ìpè Àsùbáà tí rédíò ń gbé láti Èkó kí ó tó dáwọ́ oúnjẹ dúró, ilẹ̀ ti mọ́ bá òkèlè lẹ́nu rẹ̀. Àlùfàjàrì ń yọ níhìn-ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 ṣáájú ti Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré, nítorí ìyọ àlùfàjàrì ni Súrátu Bakọra, ẹsẹ 187, fi ṣe òpin jíjẹ àti mímu.

Níbo ni ìṣẹ́jú 9 yìí ti wá? Àwọn onímọ̀ fi ìlà tí ojú kò rí pín ilẹ̀ ayé. Ìlà ìbú ń sọ bí ìlú ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, ní àríwá tàbí ní gúúsù. Ìlà òró ń sọ ibi tí ó wà láàrin ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Èkó àti Ugbowo fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà ìbú kan náà, díẹ̀ lé ní dígíríì 6 ní àríwá. Ṣùgbọ́n lórí ìlà òró, Èkó wà ní nǹkan bí dígíríì 3.4, Ugbowo ní 5.6. Ayé ń yí dígíríì 360 ní wákàtí 24, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 4 fún dígíríì kan. Ẹ fi 4 sọ 2.2 di púpọ̀, ẹ ó bá ìṣẹ́jú 9 náà níbẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn aṣíwájú wa. Láyé Kálífà Al-Ma'mun ní Bàgìdádì (813 sí 833), wọ́n rán àwọn oníṣirò lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Sinjar láti wọn gígùn dígíríì kan lórí ilẹ̀. Ìbú rọrùn láti mọ̀, gíga òòrùn ní ọ̀sán gangan ń fi í hàn. Òró ni ó le, nítorí ó di dandan kí a mọ aago ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí tẹlifóònù nígbà náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí Al-Biruni ta: ní ọdún 997, òun wà ní Kath ní Khwarazm, Abu al-Wafa wà ní Bàgìdádì, wọ́n sì jọ ṣọ́ òṣùpá ní òru tí òjìji ayé bò ó. Ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rí èyí. Nítorí náà ìyàtọ̀ aago àwọn méjèèjì, bí wákàtí kan, ni ìyàtọ̀ òró ìlú wọn. Ní 1025, ó parí ìwé kan ní Ghazna lórí ìṣirò ipò àwọn ìlú, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ kíbílà wọn dájú.

Ìbú ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lára ayé. Àdéhùn ọmọ ènìyàn ni ti òró. Ní 1884, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Washington fi í sí Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1919, aago Nàìjíríà di wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, èyí tí í ṣe aago ìlà òró 15. Ìlà náà kò tilẹ̀ kan ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn Borno ni ó gbà. Ìdí nìyí tí òòrùn kì í fi í kan àtàrí ní Ugbowo títí di nǹkan bí aago 12:37, bí a bá dá gbogbo ọdún dọ́gba. Ẹni tí ó bá kírun Àìlà ní aago 12 gééré ti ṣáájú àsìkò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó bá fi aago Èkó ṣínu níhìn-ín pẹ́ díẹ̀ ni, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ti Yunifásítì lọ kí àwọn òbí yín ní Èkó, ẹ má ṣe fi àtẹ àsìkò ti Benin ṣínu níbẹ̀. Òòrùn kò tíì wọ̀.