Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Yáná

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n mi gbéra láti Ayétòrò, wọ́n lọ bá a tọ́jú ìkókó. Inú òtútù ni wọ́n balẹ̀ sí. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri pálọ̀ tó ń jó gáàsì kí ara lè yá àwọn ará ilé, ó sì ní páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ síta. Ìwé tó sọ bí a ṣe ń nu ẹ̀rọ náà, tí a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, wà nílé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ọmọ bá ti padà síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi àti ìkókó nìkan ló máa kù pẹ̀lú iná yẹn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ ní Yorùbá, kí n sì kà á fún àwọn lórí fóònù. Mo jókòó sí Ìlaròó níbí, mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ dá mi dúró. A ti ń pe èyí tó ń mú ilé tutù ní amúlétutù, nítorí náà mo kọ 'amúlégbóná'. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá: omi ní í gbóná, ara aláìsàn ní í gbóná, ta ló fẹ́ kí ilé òun gbóná? Mo yí i sí 'amúlémóoru'. Wọ́n ní ooru ni a máa ń sá fún jáde sí gbangba lálẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n wá bi mí pé, "Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo wa bá jókòó yí iná ká láàárọ̀ kùtùkùtù, kí là ń ṣe?"

Mo ní, "À ń yáná ni, mà."

"Ẹ̀rọ ìyáná nìyẹn."

Mo ti ń wo ara ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wo ohun tí ènìyàn ń ṣe níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdí ààrò ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yòókù.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti àtijọ́, iná kékeré kan wà tí kì í kú, òun ló máa ń ran iná ńlá. Mo kọ 'iná olùdarí', mo pa á rẹ́. Àwọn ìyá wa kì í fi ìṣáná ṣòfò. Wọ́n á fa igi sẹ́yìn lálẹ́, wọ́n á fi eérú bo ogúnná, bó bá sì di òwúrọ̀, wọ́n á wú u síta, wọ́n á kó èèrún igi lé e, wọ́n á fẹ́ ẹ. Lóòótọ́, ogúnná kò ní ọwọ́ iná, iná kékeré inú ẹ̀rọ sì ní in. Èmi kò ka ìyẹn sí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mo kọ ọ́ báyìí: 'Bí ogúnná bá kú, ẹ má ṣe ṣáná sí i bí ẹ bá ń gbóòórùn gáàsì.'

Àwọ̀ ọwọ́ iná nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé náà ní bí iná bá jó dáadáa, àwọ̀ búlúù ni yóò ní. Bí eruku bá di ihò bọ́nà, tí afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, yóò yí padà. Yóò di kí ni? Bí mo bá kọ 'pupa', gbogbo iná ni Yorùbá ń pè ní pupa, ẹni tó kà á kò ní fura. Mo kọ ọ́ pé kí ọwọ́ iná dà bí aró, pé bó bá ti ń pọ́n rúsúrúsú bí iná àtùpà, tó sì ń kun ara ẹ̀rọ ní dúdú bí ìdí ìkòkò, kí wọ́n pa á, kí wọ́n pe oníṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí nìyí. Gáàsì tó ń jò lóòórùn bí ẹyin ọ̀bu, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n fi òórùn yẹn sí i. Ní 1937, gáàsì tí kò lóòórùn bú gbàmù ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas, ó pa nǹkan bí 300 ènìyàn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin dé pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì. Carbon monoxide yàtọ̀. Iná tí kò jó dáadáa ló ń tú u jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń di ẹ̀jẹ̀ mú ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bí afẹ́fẹ́ àmísínú ṣe ń dì í mú. Bí mo bá pè é ní èéfín, irọ́ ni mo pa fún ẹ̀gbọ́n mi. Èéfín nìwà, rírú ló ń rú. Ọmọ Yorùbá gbà pé èéfín kì í ṣe é bò mọ́lẹ̀. Mo pè é ní 'májèlé iná', mo sì fi kún un pé: 'Òun ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn.' Gbólóhùn kejì yẹn ló mú kí wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. A ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí rédíò jù.

Fún páìpù tó ń gbé èéfín síta, ọlọ́kadà kan ládùúgbò mi ní, "Sàlẹ́ńsà ni, sà." Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ohun tó ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ló fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yewa là ń gbé. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà ní 1889 ni àwọn ìbátan wa ní Kétu, ní òdìkejì ààlà, ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Faransé, tí àwa ń yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ ka ìwé kan náà. 'Ọ̀nà èéfín' ni mo fi sílẹ̀: kí ewé, yìnyín tàbí ìtẹ́ ẹyẹ má ṣe dí i.

Ọ̀rọ̀ àyálò kan wà tí n kò fọwọ́ kàn. Bí mo bá kọ 'àtúnṣe', wọ́n á dúró títí ẹ̀rọ yóò fi bàjẹ́. 'Sáfíìsì' ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ohun tí à ń ṣe fún ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé, kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n wá ṣe sáfíìsì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta mo kà á tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń mí gúlegúle, tí ìkókó ń ké díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ogúnná wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún wò ó. "Aró ni."